Máàpù àtijọ́ ilẹ̀ Ìdànrè: Ẹlẹ́rìí tó mọ ojú odò, ṣùgbọ́n tí kò mọ ẹni tó ni oko

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Ní Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìwé kan wà tó ṣì rántí orísun ọ̀pọ̀ odò tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti gbàgbé. Máàpù ni. Ìjọba ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní àwọn ọdún 1960, ó sì kó òkè, àfonífojì, odò, ọ̀nà ẹsẹ̀ àti abúlé tó wà láyìíká ìlú náà sójú kan.

Láyé ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn tó ń la títì àti àwọn olùkọ́ ilé-ìwé gíga nìkan ló sábà máa ń wá a. Àgbẹ̀ kò bìkítà fún un, nítorí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ ló mọ oko. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Ẹjọ́ ààlà ń gbé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ sí kóòtù. Àgbàrá òjò ń wọ ilé onílé. Àwọn tó ń ra kòkó ní ilẹ̀ Yúróòpù náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà gan-an, kí wọ́n tó sanwó.

Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kò ní pẹ́ kí ẹnì kan tó sọ pé kí wọ́n lọ wo máàpù àtijọ́. Ó yẹ kí ẹni tó ni oko mọ ohun tí ìwé náà lè sọ fún un àti ohun tí kò lè sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìwé tí kò lè kà gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

ILẸ̀ TÍ ÀPÁTA ÀTI ODÒ JỌ PÍN

Ẹni tó bá dé Ìdànrè kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ìdí tí máàpù ibẹ̀ fi yàtọ̀. Àpáta ló yí ìlú náà ká. Àwọn onímọ̀ nípa òkúta sọ pé ó ti tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún tí òkúta gbígbóná tó di àwọn òkè wọ̀nyí ti dì sínú ilẹ̀, kí òjò àti oòrùn tó ṣí ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Lónìí, àwọn òkè náà ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun.

Orí òkè yìí ni àwọn baba ńlá Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ibẹ̀ dára fún ààbò, nítorí ọ̀tá tó bá ń gun àpáta bọ̀ kò lè fara pamọ́. Ìgbà tí ogun ti rọlẹ̀, ní àwọn ọdún 1920, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, kóòtù àtijọ́, àwọn ojúbọ àti ibojì ṣì wà lókè títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí wọn ní láti gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún 2007 ni orúkọ Òkè Ìdànrè wọ ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n òkè nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ní apá ìwọ̀ oòrùn ìlú náà, láàárín Ìdànrè àti Oǹdó, ni odò Ọ̀wẹnà gbà, ó sì ń ṣàn lọ sí ìhà gúúsù. Àwọn odò kéékèèké tó ń sọ̀ láti ara àpáta ń wá ọ̀nà lọ sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń yí sí ìhà kejì òkè. Àárín àwọn odò wọ̀nyí, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú tí igbó sì ti nípọn, ni kòkó ti rí ibùgbé. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè wà lára àwọn tó ń kórè kòkó jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìpínlẹ̀ tó máa ń léwájú nínú iṣẹ́ kòkó ní Nàìjíríà.

Ilẹ̀ tó rí báyìí kò rọrùn láti yà. Àpáta ń dí ojú, igbó ń bo ilẹ̀, odò sì ń yọ́ gba abẹ́ igi. Ìyẹn ló jẹ́ kí máàpù Ìdànrè jẹ́ iṣẹ́ tó yẹ ká kí àwọn tó ṣe é.

BÍ WỌ́N ṢE YÀ Á

Iṣẹ́ ìwọ̀n ilẹ̀ kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1890 ni ìjọba rán Herbert Macaulay lọ sí Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ awọnlẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sọfiyọ̀. Ó padà dé sí Èkó ní 1893, ó sì ṣiṣẹ́ fún ìjọba títí di 1898, kó tó kọ̀wé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ló bá Olóyè Olúwa ti Èkó lọ sí London lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, èyí tí Olúwa jàre rẹ̀ ní 1921. Àwọn tó mọ ìtàn ẹjọ́ náà mọ̀ pé ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ilẹ̀ kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàn jẹ.

Ní 1908 ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìlú Ọ̀yọ́ ló wà báyìí. Ní 1910, òyìnbó ológun kan tó ń jẹ́ Guggisberg di ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ ní Gúúsù Nàìjíríà. Òun náà ló padà di gómìnà Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, láti 1919 títí di 1927. Ẹsẹ̀ ni àwọn awọnlẹ̀ ìgbà náà fi ń rìn. Wọn a gun òkè, wọn a gbé ẹ̀rọ wọn kalẹ̀, wọn a wo òkè mìíràn tó wà lókèèrè, wọn a sì fi ìṣirò mọ bí ó ṣe jìnnà tó. Wọn a ri òpó sìmẹ́ǹtì kékeré mọ́ ibi tí wọ́n bá ti wọ̀n.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni bàálù dá sí i. Ní 1946, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa ya máàpù àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Martin Hotine ṣe olórí rẹ̀. Bàálù yóò fò lókè, yóò máa ya fọ́tò ilẹ̀ léraléra, tí fọ́tò kan yóò sì gun orí èkejì ju ìdajì lọ. Tí wọ́n bá wá fi ẹ̀rọ onídígí méjì wo fọ́tò méjì tó tẹ̀ léra wọn, òkè yóò dìde sókè, àfonífojì yóò sì rì sísàlẹ̀, bí ẹni pé ènìyàn dúró nínú òfurufú tó ń wo ilẹ̀ gan-an. Ohun tí ojú rí yìí ni wọ́n ń fà sórí ìwé.

Ilé-iṣẹ́ yìí àti àwọn awọnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ló jọ ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ máàpù tó jáde lẹ́yìn òmìnira. Wọ́n pín gbogbo orílẹ̀-èdè yìí sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì fún igun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ìdànrè bọ́ sórí nọ́ńbà 264 tí wọ́n pè ní Akure, ní ìdá tó wà ní igun gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn. Nọ́ńbà 263, tí wọ́n pè ní Ondo, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí àfonífojì Ọ̀wẹnà dáadáa kò ní rí i tán lórí ìwé kan. Ó ní láti to ìwé Akure àti ti Ondo mọ́ra.

BÍ A ṢE Ń KÀ Á

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ènìyàn wò lórí máàpù ni ìwọ̀n rẹ̀. Ti Ìdànrè yìí jẹ́ ọ̀kan sí 50,000. Ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà méjì lórí ìwé dúró fún kìlómítà kan lórí ilẹ̀. Fún àwọn àgbà tó mọ íǹṣì àti máìlì, íǹṣì kan lórí ìwé jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún máìlì kan.

Ohun kejì ni àwọn ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń yí kiri bí ìka ọwọ́ ènìyàn. Àwọn wọ̀nyí ló ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó. Gbogbo ibi tí ìlà kan gbà ló ga bákan náà. Láti orí ìlà kan sí èkejì, ilẹ̀ ti fi 50 ẹsẹ̀ bàtà gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀. Tí òkè kan bá fi 1,000 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ, ìlà 20 ni ẹ óò kà kí ẹ tó dé orí rẹ̀. Níbi tí àwọn ìlà náà bá ti há mọ́ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rí lára àpáta Ìdànrè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ibẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra wọn, ilẹ̀ tẹ́jú.

Ohun kẹta ni odò, tí wọ́n fi aró yà. Tí ẹ bá rí i tí àwọn ìlà gíga ṣẹ́ po bí ìgùnpá bí wọ́n ṣe ń kọjá lórí odò, orí ìgùnpá náà máa ń kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Nípa báyìí, ẹni tí kò dé odò kan rí lè mọ ibi tó ti ń ṣàn wá àti ibi tó ń lọ.

Ohun tó kù ni ọ̀nà, abúlé, igbó ìjọba tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní rìsáàfù, àti orúkọ. Lórí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, máàpù náà ní àléébù ńlá kan. Kò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì ìsàlẹ̀. Ọ̀wẹnà di Owena. Ẹni tó bá rí Owo lórí ìwé kò mọ̀ bóyá ìlú Ọ̀wọ̀ ni, owó tí à ń ná ni, tàbí ọwọ́ tí a fi ń jẹun. Ọmọ ìlú mọ èyí tó tọ́. Àlejò kò lè mọ̀ ọ́n. Tí ọmọ ìlú náà bá sì kú láìsọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àlejò ni ọmọ rẹ̀ yóò jẹ́ sí ilẹ̀ baba rẹ̀.

ỌJỌ́ ORÍ MÁÀPÙ LÓ MÚ KÓ NÍYÌ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé máàpù tó pẹ́ ti di ìwé tí wọ́n fi ń di àkàrà. Lóòótọ́, ọ̀nà tí à ń tọ̀ lónìí kò sí lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń yà á, kò tí ì sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọdún 1976 ni wọ́n ṣẹ̀dá ìyẹn, tí wọ́n sì yọ Èkìtì kúrò lára rẹ̀ ní 1996. Ọ̀pọ̀ káńpù tó ti di ìlú lónìí lè jẹ́ ahéré méjì mẹ́ta nígbà yẹn, tàbí kí ó má tilẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n ibi tí àǹfààní rẹ̀ wà gan-an nìyẹn. Máàpù tuntun ń sọ bí ilẹ̀ ṣe rí lónìí. Èyí àtijọ́ ń sọ bí ó ṣe rí kí wọ́n tó dí ojú odò, kí wọ́n tó gé igbó, kí ilé tó dé etí omi. Ẹni tó bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò rí ohun tó ti sọnù.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ omi. Àpáta kì í mu òjò bí ilẹ̀ oko ṣe ń mu ún. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkè Ìdànrè, kíá ló ń dé ìsàlẹ̀. Odò kékeré tó bá gbẹ látòpin ọdún títí di oṣù kẹta lè dàbí ilẹ̀ ṣófo lójú ẹni tó ń wá ibi kọ́lé sí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ dáadáa, odò náà yóò padà wá sí ojú ọ̀nà rẹ̀, yóò sì bá ilé níbẹ̀.

Àwọn ará Ìbàdàn kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí àti dúkìá lọ. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú náà, èyí tó pa ènìyàn tó lé ní 100. Kì í ṣe pé àwọn odò wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ilé tó dé. Ìlú tó wà lẹ́sẹ̀ àpáta bíi Ìdànrè ní ìdí tó pọ̀ láti wo ojú odò àtijọ́ kí ó tó fọwọ́ sí pé kí wọ́n kọ́lé síbì kan. Kò gba owó púpọ̀. Ìwé kan, dígí tí ń mú nǹkan tóbi, àti àgbàlagbà kan tó mọ ilẹ̀ náà ló kù.

ỌJỌ́ TÍ MÁÀPÙ BÁ DÉ KÓÒTÙ

Ibi tí ewu wà ni ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀. Àwọn kan máa ń gbé máàpù ìjọba síta bí ẹni gbé àdá, wọ́n á ní orúkọ abúlé àwọn ló wà lórí rẹ̀, nítorí náà àwọn ló ni gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká. Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀.

Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà to ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Èkíní ni ìtàn bí ìdílé ṣe dé ibẹ̀. Èkejì ni ìwé tó fi hàn pé ilẹ̀ náà jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ohun tó ti ń ṣe lórí ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀, bíi kó tà, kó yáni tàbí kó máa dáko síbẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni pé ó ti wà lórí ilẹ̀ náà pẹ́. Ẹ̀karùn-ún ni pé òun ló ni ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní ọ̀nà tó fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí èyí náà jẹ́ tirẹ̀. Máàpù òkè àti odò kò sí nínú márààrún.

Ibi tí máàpù ti wúlò ni láti jẹ́ kí kóòtù mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí gan-an. Láti 1944, nínú ẹjọ́ Kwadzo àti Adjei, ni ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti sọ pé ìdánwò tó le jù ni bóyá awọnlẹ̀ lè gba ohun tí wọ́n sọ ní kóòtù kó sì fi ya àwòrán ilẹ̀ náà láìṣì í. Ẹni tó bá ní òun ló ni ilẹ̀ láti ibi pèrègún dé etí odò gbọ́dọ̀ lè sọ irú odò tí ó jẹ́. Tí àwọn odò méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, tàbí tí odò kan bá ní orúkọ méjì, máàpù àtijọ́ lè là wọ́n. Ó lè fi hàn pé odò náà wà níbẹ̀ lóòótọ́ ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, àti pé abúlé kan wà létí rẹ̀. Ẹni tó ni abúlé náà ni kò lè sọ.

Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi lè parí ìjà ààlà láàárín alájọṣepọ̀ oko. Ìlà tí pẹ́ńsù fà, tí kò fẹ̀ ju ìdajì mìlímítà lọ, ti gba mítà 25 lórí ilẹ̀. Oko tó jẹ́ hẹ́kítà kan, èyí tí ó jẹ́ mítà 100 níbùú àti lóròó, kò ju mìlímítà méjì sí méjì lọ lórí ìwé yìí, bí ìdí ìgbálẹ̀ kan ni. Kò sí ọgbọ́n tí ènìyàn lè fi wá igi kòkó mẹ́wàá tí ìdílé méjì ń jà sí nínú rẹ̀. Awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ lọ sí oko náà fúnra rẹ̀.

KÒKÓ, YÚRÓÒPÙ ÀTI MÍTÀ 100

Ọ̀rọ̀ tó kan àpò àgbẹ̀ jù lákòókò yìí wá láti òkè òkun. Ní 2023, àwọn orílẹ̀-èdè tó para pọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin kan pé àwọn kò ní gba kòkó tó bá jáde láti oko tí wọ́n gé igbó dá lẹ́yìn ọjọ́ 31, oṣù kejìlá ọdún 2020. Òfin náà kan kọfí, epo pupa, rọ́bà, ẹ̀wà sóyà, màlúù àti gẹdú pẹ̀lú. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra kòkó ti ń múra sílẹ̀ dè é.

Ohun tí òfin yìí ń béèrè ni nọ́ńbà ibi tí oko wà lórí ilẹ̀ ayé. Oko tí kò ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ojú kan péré tó. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ yí i ká kí wọ́n sì gba nọ́ńbà gbogbo igun rẹ̀. Ó tún béèrè pé kí oko náà wà ní ìbámu pẹ̀lú òfin orílẹ̀-èdè tó wà. Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ igbó ìjọba le ní ilẹ̀ Ìdànrè, níbi tí igbó ìjọba tó gbòòrò wà, tí àwọn oko kòkó sì wà létí rẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìbéèrè kìíní ni bóyá ilẹ̀ náà jẹ́ igbó ní òpin 2020. Máàpù àwọn ọdún 1960 kò lè dáhùn ìyẹn; àwòrán tí sátẹ́láìtì yà ní ọdún náà ló lè dáhùn. Ìbéèrè kejì ni bóyá oko náà wà nínú igbó ìjọba tàbí lóde rẹ̀. Máàpù àtijọ́ lè ràn wá lọ́wọ́ lórí èyí, nítorí ó máa ń fi ààlà igbó ìjọba hàn. Síbẹ̀, ìwé àṣẹ tí ìjọba fi ya igbó náà sọ́tọ̀ ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Níbi yìí ni pańpẹ́ kan ti ń dúró de àgbẹ̀. Nọ́ńbà tí fóònù ń mú jáde àti nọ́ńbà tó wà létí máàpù àtijọ́ kò bá ara wọn mu. Orí ibi ìwọ̀n kan ní Mínná, ní Ìpínlẹ̀ Niger, ni àwọn awọnlẹ̀ Nàìjíríà fìdí ìṣirò tiwọn múlẹ̀ sí. Sátẹ́láìtì tí fóònù ń bá sọ̀rọ̀ ń lo ìṣirò mìíràn tó wà fún gbogbo ayé. Ní agbègbè Ìdànrè, ìyàtọ̀ méjèèjì tó nǹkan bí mítà 100. Tí ẹnì kan bá ka nọ́ńbà láti ara fóònù, tó sì wá a kàn lórí máàpù àtijọ́ láìṣe àtúnṣe, ó lè gbé oko tó wà lóde igbó ìjọba sínú rẹ̀. Ó sì lè gbé oko ẹlòmíràn fún ẹni tí kò ni ín. Mítà 100 kò tó nǹkan lójú ẹni tó wà ní Abuja tàbí ní Brussels, ṣùgbọ́n oko odidi ìdílé kan ni ní Ìdànrè.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le fún ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà. Awọnlẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ fi gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá wọn oko rẹ̀ pé irú ìṣirò wo ló ń lò, kó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé tí wọ́n bá fún un.

OJÚ ÀLEJÒ ŃLÁ NI

Àwọn kan yóò ní kí ni a tún ń fi máàpù àtijọ́ ṣe nígbà tí sátẹ́láìtì wà. Nàìjíríà pàápàá ti rán tirẹ̀ lọ sókè: NigeriaSat-1 ní 2003, àti méjì mìíràn ní 2011. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà kan fi ọjọ́ 11 wọn gíga ilẹ̀ ní apá tó pọ̀ jù nínú ayé.

Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: ojú àlejò ńlá ni, ṣùgbọ́n kì í fi ríran. Ẹ̀rọ tó wà lókè máa ń rí orí igi kó tó rí ilẹ̀. Níbi tí igbó bá ti nípọn, gíga igi ni yóò máa kà mọ́ gíga ilẹ̀. Bàálù àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ní irú ìṣòro yìí. Kò sì sí ẹ̀rọ kankan nínú wọn tó mọ orúkọ odò. Ẹni tó rìn débẹ̀ tó sì béèrè ló gbọ́ orúkọ, ìgbà mìíràn ló sì gbọ́ ọ lódì.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ṣe kedere. Ilé-iṣẹ́ awọnlẹ̀ àgbà ti ìjọba àpapọ̀ ní Abuja àti ti ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́ ni ibi tó yẹ kí ìlú tàbí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ti béèrè máàpù wọ̀nyí. Àwọn fọ́tò tí bàálù ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn yà náà kò parun. Edinburgh ní Scotland ni wọ́n kó wọn pamọ́ sí. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ìwọ̀n ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ kan ti wà ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1972 tó ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà bí wọ́n ṣe ń fi òfurufú wọn ilẹ̀. Kò sí ìdí tí Ìdànrè yóò fi máa wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kiri.

Ṣùgbọ́n apá kan wà tí ìjọba àti yunifásítì kò lè ṣe. Ìyẹn ni kí àwọn àgbàlagbà tó mọ ilẹ̀ jókòó pẹ̀lú ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ wọn, kí wọ́n tẹ́ máàpù náà sílẹ̀, kí wọ́n fi ìka tọ odò láti orí òkè dé Ọ̀wẹnà. Kí wọ́n sọ orúkọ odò kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì tó yẹ. Kí wọ́n sọ ẹni tó kọ́kọ́ dá káńpù sí ibi kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí pèrègún ààlà wà. Kí ìdílé tó wà lódìkejì odò náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ má baà di ti ẹnì kan.

Ìwé náà ti ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ. Ó ti fi ojú odò pamọ́ fún ọgọ́ta ọdún. Orúkọ tó tọ́ àti ìtàn ẹni tó ni oko wà lẹ́nu àwọn àgbà, ẹnu àgbà kò sì ní sí títí láé. Ìdílé tó bá kọ tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí àgbà ṣì wà ti fi owó lọ́yà pamọ́ fún ọmọ rẹ̀.